Ẹ Jẹ́ Kọ́mọ Ó Sáré: Ohun Tí Ìdíje Eré Ìdárayá Àdúgbò Lè Ṣe fún Ìlera Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ kẹ́ ẹ bá mi ka ọjọ́ kan nínú ayé ọmọ yín. Kò tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀ tẹ́ ẹ ti jí i. Ó wẹ̀, ó jẹun, ó kó sínú ọkọ̀ tàbí kó gun ọ̀kadà láti Ọbántókò lọ sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òkè-Ìléwó. Ó jókòó sínú kíláàsì títí di aago méjì ọ̀sán. Lẹ́sìnnì bẹ̀rẹ̀, ó tún jókòó. Ìgbà tó máa fi délé, aago márùn-ún ti lù. Ó jẹun, ó ṣiṣẹ́ àṣetiléwá, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn tàbí kó máa fi fóònù yín ta géèmù, ó sì sùn. Ẹ wá sọ fún mi o: ìṣẹ́jú mélòó lọmọ náà fi sáré lọ́jọ́ yẹn? Ìgbà wo ló mí hẹlẹhẹlẹ, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, tí òógùn bò ó? Bẹ́ ẹ bá rí ogún ìṣẹ́jú kà, ẹ dúpẹ́. Àwọn mìíràn ò rí márùn-ún.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe dàgbà. Ẹni tó ń gbé Láfẹ́ńwá tó sì ń lọ sí Abẹ́òkúta Grammar School ní Ìdí-Àbà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ẹni tó ń lọ sí Baptist Boys' High School ní Òkè-Sàjẹ́, á gun òkè lọ láàárọ̀, á sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́sàn-án. Ìlú àpáta ni Abẹ́òkúta, kò sí bí ọmọ ṣe fẹ́ rìn ín láti Ìtòkú dé Aké kí orúnkún rẹ̀ má mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń sáré bojúbojú, wọ́n ń ja ìjàkadì nínú òṣùpá. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìmárale nígbà náà, ṣùgbọ́n òun náà ni.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 gbọ́dọ̀ máa lo ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún eré tó ń mú ara gbóná. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kí eré náà le débi tí ọmọ ò ní lè máa sọ̀rọ̀ ketekete bó ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọ ọdún 3 sí 4 nílò ju ìyẹn lọ, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ni tiwọn, tá a bá ro gbogbo rírìn, fífò àti jàgídíjàgan wọn pọ̀. Bí ọmọ kékeré ò bá fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ ń bèèrè ohun tó tọ́ sí i ni.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019, tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tọ́jọ́ orí wọn wà láàárín 11 sí 17 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogóje, fi hàn pé nínú 100 ọmọ, 81 ni kì í rí wákàtí kan yẹn lò. Ti àwọn ọmọbìnrin ló burú jù: 85 nínú 100, nígbà tí ti ọkùnrin jẹ́ 78. Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn o. Àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Kí ló wá burú nínú kí ọmọ jókòó? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí egungun, torí ó kan tọmọdé-tàgbà. Egungun ọmọ dà bí àkáǹtì ní báńkì. Láti kékeré títí táá fi lé ní ogún ọdún, gbogbo ìgbà tó bá fò, tó sáré, tó fẹsẹ̀ gbá nǹkan, owó ló ń fi síbẹ̀. Tó bá ti wá dàgbà tán, kò tún fi bẹ́ẹ̀ lè fi kún un mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an ni. Ìyá àgbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ tí egungun ìbàdí rẹ̀ dá, ara ohun tó fà á ni pé àkáǹtì náà ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ ká. Ẹran ara ni, lílò ló ń fún un lágbára. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó jẹ́ pé bí ọmọ ò bá lò ó láti kékeré, tó tún ń jẹ bisikíìtì tó ń mu mínírà lé e, ilé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń kọ́ lọ yẹn. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé àìsàn àwọn bàbá arúgbó nìkan ni méjèèjì. Àwọn dókítà ń rí wọn lára ọ̀dọ́ báyìí.

Ojú náà ńkọ́? Àwọn onímọ̀ nípa ojú ti rí i pé ọmọ tó bá ń lo àkókò níta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í tètè ní àìsàn kí á má rí ọ̀nà jíjìn tó bí èyí tó ń jókòó sínú yàrá. Ẹ wo bí gíláàsì ojú ṣe ń pọ̀ lójú àwọn ọmọ iléèwé wa. Ká má tíì sọ ti oorun. Ọmọ tó bá sáré dáadáa nírọ̀lẹ́, ẹ ò ní í bá a jà kó tó sùn.

Mi ò wá láti bú òbí kankan. Mo mọ ohun tó gba eré lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Àwọn ilẹ̀ gbalasa tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ńkì póòsì, tí òkúta méjì jẹ́ góòlù, ilé ti wà lórí èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ojú títì kún fún ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá tí wọn ò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ewúrẹ́. Ìbẹ̀rù àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí bàbá àti ìyá ó tètè délé. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣáà lé ọmọ síta kó lọ ṣeré, ó tọ̀nà tẹ́ ẹ bá wò ó níran. Òbí kan ṣoṣo ò lè tún èyí ṣe. Àdúgbò ló lè tún un ṣe, ìdí sì nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìdíje eré ìdárayá.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àwọn bàbá wa tó wà níléèwé láyé ìjọba òyìnbó rántí ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní Empire Day, bí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ń yan bíi sójà, tí wọ́n sì ń sá eré ìje lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún tó jẹ́ Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé gba ipò rẹ̀. Inter-house ń bẹ ní gbogbo iléèwé, ilé pupa, ilé búlúù, ilé gíríìnì, ilé yẹ́lò, tí ìyá á gbé ìrẹsì sínú kúlà lọ wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù gba ìlú. Ẹgbẹ́ Abíọ́lá Babes tí olóògbé Baṣọ̀run MKO Abíọ́lá dá sílẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup lọ́dún 1985, wọ́n tún gbà á lọ́dún 1987, ojú òpópónà Abẹ́òkúta ò sì ṣófo fún bọ́ọ̀lù nígbà yẹn, kékeré ń gbá, àgbà ń gbá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó jẹ bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n Algeria nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà lọ́dún 1980, padà wá dá iléèwé sílẹ̀ ní Wásinmi níbí, níbi tí ìwé àti eré ìdárayá ti jọ ń rìn pọ̀.

Ẹ ò sì tíì gbàgbé oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè wá sí Abẹ́òkúta, bó ṣe wá lọ́dún 2006, wọ́n sì pe méjèèjì ní Gateway Games. Gbogbo ìpínlẹ̀ kó àwọn eléré wọn wá. Pápá ìṣeré MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ kún. Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé tiẹ̀ bọ́ sáàárín ìdíje náà lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rí ẹni tó ń sáré bí ẹfúùfù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, tí wọ́n sì padà sílé tí wọ́n ń sáré yí kọ̀ǹgà ká. Ó dára gan-an. Àmọ́ ìbéèrè tí mo ní fún gbogbo wa ni pé, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti palẹ̀ mọ́, ọmọ mélòó ní àdúgbò yín ló tún rí pápá sáré sí?

Torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyí: ìdíje ọjọ́ kan kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Ọmọ tó bá sáré lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kò yàtọ̀ sí ẹni tó lo oògùn ibà ẹyọ kan tó wá kó ìyókù sẹ́yìn ìrọ̀rí. Ohun tó ń tún ara ọmọ ṣe ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó fi ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ìdíje jẹ́ àwáwí rere tí àgbàlagbà fi ń rí àyè sílẹ̀, tí ọmọ sì fi ń rí ohun tó ń lé bá.

Ibí yìí gan-an ni a ti ń ṣe é sódì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ọmọ tó sanra ni mí nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí inter-house bá ń bọ̀, tíṣà á ní kí gbogbo kíláàsì sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Á mú mẹ́rin tó bá kọ́kọ́ dé, á ní kí àwa tó kù lọ jókòó. Ìṣẹ́jú kan, ó pọ̀ jù, ni mo fi sáré lọ́dún yẹn. Wọ́n fi mí sídìí kẹ́ẹ̀gì omi pé kí n máa bu omi fáwọn asáré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko làwọn mẹ́rin yẹn fi gbára dì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, àwọn tára wọn ti dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Èmi tí mo nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ, omi ni mò ń bù. Kò sẹ́ni tó ṣe é pẹ̀lú ìkà, bí wọ́n ṣe bá a náà ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé eré kì í ṣe tèmi, ó sì pé mi lógójì ọdún kí dókítà tó fi ìwé ẹ̀jẹ̀ ríru dá mi padà sórí pápá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe ìdíje àdúgbò, ẹ má ṣa ẹnikẹ́ni kúrò. Ẹ yí bí a ṣe ń ka máàkì padà. Kí gbogbo ọmọ tó bá parí eré, ì báà jẹ́ pé ó rìn ín dé ìparí, gba máàkì kan fún òpópónà rẹ̀. Kí ẹni tó bá ṣe ipò kìíní gba mẹ́ta péré. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Òpópónà tó kó asáré mẹ́fà wá, bí gbogbo wọn bá tiẹ̀ gba ipò kìíní, máàkì 18 ni. Òpópónà kejì tó kó ogójì ọmọ wá, tí kò sẹ́ni tó gba ipò kankan nínú wọn, máàkì 40 ni. Ẹ ó rí i báwọn ọmọ fúnra wọn ṣe máa kan ilẹ̀kùn ilé onílé, tí wọ́n á máa fa ọmọ tó ń wo tẹlifíṣàn jáde. Ẹni tó sanra, ẹni tó ń tiro, ẹni tó ń tijú, gbogbo wọn á di ẹni iyì.

Ohun tí ẹ máa ṣe níbẹ̀ ò gbówó. Eré ìje 50 mítà fáwọn kéékèèké, 400 mítà fáwọn tó dàgbà díẹ̀. Eré inú àpò, eré ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí, fífa okùn láàárín òpópónà sí òpópónà, gbígbé omi láti inú bàsíà kan kún ìgò kan, súwè àti tẹ́ń-tẹ́ń fáwọn ọmọbìnrin (ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà ta á, ẹ ó rín ẹ̀rín), bọ́ọ̀lù mọ́ńkì póòsì fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kí gbogbo sẹ́ẹ̀tì lè wọlé. Bí àgbà kan bá wà tó mọ ìjàkadì dáadáa, kó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dì í mú lórí iyanrìn, tí wọn ò ní í fún ara wọn lọ́rùn. Ẹ pín wọn ní ọjọ́ orí: 5 sí 7, 8 sí 10, 11 sí 13, 14 sí 17. Ẹ sì má gbà kí ẹnikẹ́ni mú ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù wá o, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé ìbí ò ṣòro láti mú wá.

Ìmúrasílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ojú sí jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú, ẹ mú ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ àti àárọ̀ Sátidé. Wákàtí kan tó. Lọ́sẹ̀ kìíní, kí wọ́n sáré ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n rìn méjì, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún sísá, kẹ́ ẹ máa yọ nínú rírìn. Ọjọ́ tí kò bá sí ìgbáradì, kí wọ́n ta okùn fífò níwájú ilé. Ní ìlú Stirling lórílẹ̀-èdè Scotland, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan rí i lọ́dún 2012 pé àwọn ọmọ òun ń mí gúlegúle. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, pẹ̀lú aṣọ iléèwé àti bàtà tí wọ́n wọ̀ wá, kí wọ́n sáré tàbí kí wọ́n rìn yí pápá ká. Kò ra nǹkan kan. Daily Mile ni wọ́n ń pè é, ó sì ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó pọ̀. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London náà mọ parkrun, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 pẹ̀lú èèyàn 13 péré nínú ọgbà kan. Ó ti ní tàwọn ọmọ ọdún 4 sí 14 báyìí, kìlómítà méjì láàárọ̀ Sọ́ńdè, lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn mẹ́tàlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gba ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyẹn CDA. Ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá iléèwé tó sún mọ́ yín pé ẹ fẹ́ lo pápá wọn ní Sátidé, ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó gé koríko rẹ̀. Bó bá jẹ́ títì lẹ fẹ́ tì, ẹ kọ́kọ́ lọ rí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn TRACE tó ń darí ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹ pe ìjọ àti mọ́sáláṣí. Àwọn ọmọbìnrin tó bá fẹ́ wọ híjáàbù tàbí síkẹ́ẹ̀tì gígùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sáré. Ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn arákùnrin wọn bá ń lọ sí pápá lẹ máa rántí pé ẹ̀fọ́ wà láti já. Fálílát Ògùnkọ̀yà tó gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ ní Atlanta lọ́dún 1996, tó sá 400 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ọmọbìnrin ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí: ẹ má jẹ́ kí olóṣèlú sọ ọ́ di tiẹ̀. Tó bá fẹ́ ṣètìlẹ́yìn, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ká fi wákàtí méjì kí àwọn ọlọ́lá lábẹ́ kanópì, nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ìlà nínú oòrùn, ìwà ìkà ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ parí eré sísá kó tó di aago mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ìkíni lè dé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò pín mínírà níbẹ̀. Omi ni, ọsàn ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Ti ààbò wá kù, mi ò sì ní í fi ṣeré. Ọmọ tó ní ibà lálẹ́ àná kò gbọdọ̀ sáré láàárọ̀ yìí. Ọmọ tó bá ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, tàbí tí àyà ń dùn ún tó bá sáré, dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tún fẹsẹ̀ kan pápá. Ọmọ tó ní ikọ́ fée, kó mú oògùn tó ń fà sẹ́nu wá, kó wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kì í ṣe nínú báàgì nílé.

Àwọn ọmọ SS, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ má lé wọn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Òǹgbẹ, oòrùn, òtútù àti àṣejù ló ń gbé ìrora wọn dìde, nítorí náà kí wọ́n máa mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ wọ́n, kí wọ́n máa sinmi nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́, kẹ́nikẹ́ni má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Eré sáré díẹ̀, sinmi díẹ̀ dára fún wọn ju eré àfagbárase lọ.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí òyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tó ń sọ̀rọ̀ ká bátibàti, oòrùn ló ń pa á. Ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ. Bó bá mọ ara rẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ máa gbé e lọ sílé ìwòsàn bẹ́ ẹ ṣe ń da omi sí i lára. Kí mọ́tò kan wà nílẹ̀ tí dírẹ́bà rẹ̀ ò ní í lọ síbì kankan, kẹ́ ẹ sì ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, bóyá Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà ni o, tàbí Sacred Heart ní Láńtòrò, tàbí ọsibítù ìjọba ní Ìjàyè. Ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ kọ́ ni a ń bèèrè ọ̀nà.

Kí àgbàlagbà kan má dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ kankan, ì báà ṣe ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni méjì-méjì ni. Kí a sì mọ ẹni tó máa mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sílé.

Òbí kan lè bèèrè ohun tí ọmọ máa jẹ. Kò gba gílúkóòsì. Ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kó tó sáré tó o. Lẹ́yìn eré, láfún wa ti Ẹ̀gbá pẹ̀lú ewédú àti ẹja, tàbí ìrẹsì Ọ̀fadà pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹyin. Ara tó ṣiṣẹ́ á dá a mọ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, mi ò gbàgbé yín. Ìlànà WHO yẹn kan náà sọ pé ẹni tó ti lé ní ọdún 65 nílò 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, kó sì máa ṣe eré tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin lọ́jọ́ mẹ́ta, kó má baà máa ṣubú. Tẹ́ ẹ bá bá àwọn ọmọ ọmọ yín rìn lọ sí pápá ìgbáradì lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú ogún ní lílọ, ogún ní bíbọ̀, ẹ ti ṣe 160. Bí wọ́n bá ń sáré, ẹ di ògiri mú, kẹ́ ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kẹ́ ẹ gbé èkejì. Lọ́jọ́ ìdíje, kí tiyín wà níbẹ̀, ìrìn àgbà, ọmọ ọmọ àti bàbá àgbà á di ara wọn lọ́wọ́ mú dé ìparí, kí wọ́n ka máàkì méjì fún un. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ṣáájú o, kẹ́ ẹ lo oògùn yín bẹ́ ẹ ṣe ń lò ó. Ẹ̀yin náà lẹ máa di fèrè mú. Kò sí rẹfirí tí ọmọdé ń bẹ̀rù bí ìyá àgbà.

Ti ẹ̀bùn, ẹ má ra ife ńlá. Ìwé àti bírò fún gbogbo ọmọ tó bá parí, ó tán. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ ná owó lé ni ìwé kan tó nípọn àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ti inú fóònù náà tó. Lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ wọn 400 mítà, ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó fi parí. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọmọ tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin dé níbẹ̀rẹ̀ tó wá dé ní mẹ́ta, òun lẹ máa kọ́kọ́ ka orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣáájú ẹni tó gba ipò kìíní. Kí akọ̀wé CDA tọ́jú ìwé náà síbi tí òjò ò ti ní í rọ̀ sí i, ẹ ó nílò rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.